Bí Oyèlàmí Àkànó Ṣe Fi Ọparun Kan So Agbára Ayé Pọ̀

Ẹ dákẹ́ ná. Kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà gbé e mì, kí ẹni tó ń tẹ fóònù fi í sápò, nítorí orúkọ tí mo fẹ́ pè yìí kì í ṣe orúkọ tí èèyàn ń gbọ́ pẹ̀lú ẹ̀pà lẹ́nu. Oyèlàmí Àkànó ni mo fẹ́ kí, ọmọ Oyèlàmí àgbà tó fi ọwọ́ òsì nìkan lé òbúkọ jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì di ìwé orin mú láìṣi ojú ewé. Ọmọ-ọmọ Oyèwùsì tó bá àkùkọ kan ṣọ̀tá ní àdúgbò wa títí àkùkọ náà fi kó ẹrù ìtìjú rẹ̀ lọ sí Ìresì, tí kò sì padà wá títí di òní. Àkànó ọlọ́wọ́ ṣọ́ọ̀kì, a-kọ-pátákó-kún-dé-ẹ̀gbẹ́, a-kọ́mọ-ní-físíìsì-títí-agogo-fi-sú, ọkùnrin tí mágínẹ́ẹ̀tì ń wárí fún, tí máńgòrò kì í já lù lórí láìkọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Mo kí ọ, àgbà olùkọ́. Mo tún ọ kí.

Ẹ má bi mí pé ta ló rán mi níṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rán mi. Èmi ni Lájídé télọ̀, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé mi àti ilé Tíṣà Àkànó ní Ìgbàjọ yìí, ohun tí mo sì fẹ́ sọ, ojú mi ló ṣe. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, kó máa lọ.

Tíṣà ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo, Oyèdọ̀tun, tí gbogbo wa ń pè ní Dọ̀tun. Dọ̀tun rí ọmọ Ìrẹ̀é kan fẹ́, Abọ́sẹ̀dé, nọ́ọ̀sì ni, ọmọ tó jẹ́ pé bó bá kí èèyàn láàárọ̀, ara èèyàn á yá títí di ọ̀sán. Gbogbo wa nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wàhálà tó wà ńbẹ̀ kò ju baba rẹ̀ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Fákáyọ̀dé ni wọ́n ń pè é, ó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ó sì gbẹ. Bí ẹ bá sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́, yóò ní kí ẹ fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn òun.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, nílé Ọ̀gbẹ́ni Fákáyọ̀dé ní Ìrẹ̀é, ni ogun náà ti bẹ́ sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí baba ọkọ máa ń sọ kò pọ̀: yóò dárúkọ ara rẹ̀, yóò ní àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, yóò jókòó. Ṣùgbọ́n Àkànó kì í ṣe èèyàn kékeré. Ó dìde, ó tún agbádá ṣe léjìká, ó wo òkè àjà, ó ní inú òun dùn pé ẹbí méjì fẹ́ di ọ̀kan, nítorí pé ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ń wá kiri náà nìyẹn. Ìyá Dọ̀tun fa agbádá rẹ̀ lẹ́yìn. Kò gbọ́.

Ó ní agbára mẹ́rin ló ń gbé ayé ró. Èkíní ló ń fa máńgòrò bọ́ sílẹ̀ láti orí igi. Èkejì ló wà nínú iná mànàmáná, òun kan náà ló ń jẹ́ kí mágínẹ́ẹ̀tì gbé abẹ́rẹ́ Lájídé, ó sì nawọ́ sí mi, mo sì mi orí fún gbogbo ilé. Ìkẹta àti ìkẹrin ń gbé nínú ikùn átọ̀mù, ọ̀kan ń dì í mú, èkejì ń jẹ́ kó máa tú díẹ̀díẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ agbára kan ṣoṣo, bó bá jẹ́ pé ayé ní ọ̀nà ju èyí tí ojú wa rí lọ. Ọ̀nà mẹ́ta la mọ̀: iwájú sí ẹ̀yìn, ọ̀tún sí òsì, òkè sí ilẹ̀. Ó ní ọ̀nà mìíràn lè wà tó ká jọ rúbútú, tó kéré débi pé kò sí awò tó lè rí i, kó sì jẹ́ pé inú ọ̀nà yẹn ni àwọn agbára tí a rò pé wọ́n yàtọ̀ síra ti ń di ara wọn lọ́wọ́ mú.

Ọ̀gbẹ́ni Fákáyọ̀dé rọra gbé ìgò mọ́ọ̀tì rẹ̀ sílẹ̀. Ó bèèrè bóyá Tíṣà ti rí ọ̀nà yìí rí. Tíṣà ní rárá. Ó bèèrè bóyá ẹnìkan mìíràn ti rí i. Tíṣà ní kò tíì sí. Ni ọkùnrin náà bá dé fìlà rẹ̀.

“Mẹ́rin, mẹ́rin ni,” ó ní. “Mi ò ní fi ọmọ mi sínú ilé tí wọ́n ti ń tọ́ka sí ibi tí kò sí. Oyin yín kò ní wọ ilé mi títí ẹ ó fi fi ọ̀nà náà hàn mí.”

Ẹ ò rí nǹkan. Ìdána tí a ti ra ataare rẹ̀, tí a ti ra orógbó rẹ̀, tí mo ti rán ṣòkòtò ọkọ ìyàwó tán, ló fẹ́ dàrú nítorí ọ̀nà tí kò tóbi tó ojú abẹ́rẹ́. Ẹbí bẹ̀ ẹ́, pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́, ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀. Ohun tó gbà níkẹyìn ni pé ní ọjọ́ tí ìdána bá ku ọ̀la, òun yóò wá sí Ìgbàjọ lọ́sàn-án gangan. Bí Tíṣà bá fi ọ̀nà náà hàn án, kí wọ́n máa gbé ẹrù bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí kò bá rí i, kí Dọ̀tun lọ wá ọmọ ẹlòmíràn fẹ́. Nígbà tí a ń jáde, Abọ́sẹ̀dé tẹ̀lé wa dé ìdí mọ́tò, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó kúnlẹ̀ fún Tíṣà lórí òkúta.

“Bàbá,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọ̀nà yẹn.”

Àánú ọmọ náà ṣe mí, mo sì bínú sí baba rẹ̀, mo tún bínú sí Tíṣà díẹ̀.  Ẹni ńlá náà fa àwọ̀ iwájú orí jọ, ó wọ mọ́tò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kọ nǹkan sórí itan ara rẹ̀ títí a fi délé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa oyin. Nínú ẹbí Oyèlàmí, baba ọkọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣọ́ oyin ìdána. Kò gbọdọ̀ gbé e fún ìyàwó, kò gbọdọ̀ gbé e fún ọmọ, nítorí wọ́n gbà pé bí ìdọ̀tí bá kan oyin náà, adùn ilé tọkọtaya yóò bàjẹ́. Tíṣà so kẹ́ẹ̀gì oyin náà mọ́ okùn, ó sì fi okùn kọ́ sí àárín ọparun gbọọrọ kan tó dábùú yàrá ìkẹ́rù láti ògiri dé ògiri, lókè tí ewúrẹ́ kò lè dé. Iṣu àti kéréètì mọ́ọ̀tì kún ilẹ̀ yàrá náà débi pé ẹnu ilẹ̀kùn nìkan ni èèyàn ti lè dúró wo inú rẹ̀ bí kò bá fẹ́ gun ẹrù.

Ó ṣọ́ ọ dáadáa. Ohun tó gbàgbé ni èèrà. Àwọn ọmọ ogun pupa wẹ́wẹ́, àwọn a-rìn-má-sọ̀rọ̀, àwọn tó ń gbọ́ òórùn dídùn láti Ìgbàjọ dé Ìmẹ̀sí, ti yọ jáde látinú ihò ògiri, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ lórí ọparun. Ìyá Dọ̀tun ló kọ́kọ́ rí wọn láàárọ̀ ọjọ́ tí baba Abọ́sẹ̀dé máa wá, ó sì rán ọkọ rẹ̀ létí pé kì í ṣe òun ni baba ọkọ.

Àkànó dìde. Ẹ bá mi wò ó o. Ó wọ singíléètì, ó ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì apèèrà tó rà lọ́jà, ó gun orí kéréètì mọ́ọ̀tì, kéréètì ń ké, òun kò ké. Ọwọ́ tó ti kọ ẹgbẹ̀rún pátákó ló nà jáde, ó fa ìlà funfun kan sí ojú ọparun lápá òsì, ó fa òmíràn sí apá ọ̀tún, ìlà tó nípọn, tó gún régé. Nítorí pé olùkọ́ ni, tí kò sì lè rí ibi tó ṣeé kọ nǹkan sí kó fi í sílẹ̀ lásán, ó kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà pé Ẹ MÁ KỌJÁ, ó sì fa ìlà sí i nídìí. Ó sọ̀kalẹ̀. Ó wo iṣẹ́ rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì lọ fọwọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Fákáyọ̀dé dé lọ́sàn-án bó ṣe wí, òun àti Abọ́sẹ̀dé. Tíṣà ti gbé pátákó ìkọ̀wé ńlá sí pálọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀. Ha, èdè dùn lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń sáré, pátákó kún, ó pa á rẹ́, ó tún kún, eruku ṣọ́ọ̀kì bò wá mọ́lẹ̀ nínú pálọ̀. Mo jókòó ṣinṣin, mo ń mi orí, kò sí ohun kan tó yé mi. Ọ̀gbẹ́ni Fákáyọ̀dé tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀, nígbà tó sì parí, ó ní ìṣirò náà dára.

“Ṣùgbọ́n ìṣirò ni ẹ fi hàn mí,” ó ní. “Mo ní kí ẹ fi ọ̀nà hàn mí.”

 Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mo rí Oyèlàmí Àkànó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ tí kò mọ ohun tó máa kọ. Ọkùnrin Ìrẹ̀é náà nawọ́ sí fìlà rẹ̀. Dọ̀tun wolẹ̀. Abọ́sẹ̀dé di ọwọ́ ara rẹ̀ mú lórí itan, ó ń wo pátákó bí ẹni tó ń wá orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ohùn Ìyá Dọ̀tun wá láti yàrá ìkẹ́rù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti sú.

“Bàbá Dọ̀tun, wọ́n ti kọjá.”

Gbogbo wa sáré lọ. Ẹnu ilẹ̀kùn kò gbà wá, a gbé ọrùn lé ara wa léjìká. Ọparun náà dábùú síwájú wa, kò ju ìlà kan lọ lójú wa láti ibi tí a wà. Àwọn èèrà ń bọ̀ láti ògiri òsì lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Wọ́n dé ibi ìlà funfun. Wọ́n dúró, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì pòórá. Ẹ gbọ́ mi o, wọ́n pòórá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún yọ ní òdìkejì ìlà náà, níbi tí Ẹ MÁ KỌJÁ parí sí, wọ́n sì ń bá ìrìn wọn lọ síbi oyin.

Tíṣà ní ayédèrú ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n tà fún òun. Èmi ní kí wọ́n pe pásítọ̀ padà. Ṣùgbọ́n ara Ọ̀gbẹ́ni Fákáyọ̀dé kò gbà á. Ohun tó ń sọ nù tó tún ń yọ, inú ló máa ń bí i sí, ó ti fìyà jẹ ọmọ ilé ìwé rí nítorí nọ́ńbà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó ká agbádá, ó gun orí iṣu, ọkùnrin àgbà, iṣu ń yí lábẹ́ rẹ̀, ó ń di òpó mú, títí ó fi ki orí bọ ẹ̀yìn ọparun. Jànkárìwọ̀ bo fìlà rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀.

“Ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà,” ó ní. “Wọ́n dé ibi ṣọ́ọ̀kì, wọ́n yí gba ẹ̀yìn, wọ́n tún bọ́ síwájú.”

Ìyá Dọ̀tun yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó bi í pé ṣé iwájú nìkan ló kùn ni. Iwájú nìkan ló kùn, àbí ta ló ń kọ nǹkan sí ẹ̀yìn pátákó? Àwọn kan ní Ìgbàjọ ń sọ pé àṣìṣe ni. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ọgbọ́n ogun ni, mo sì ti sọ fún wọn pé ẹni tó bá tún pè é ní àṣìṣe kó má gbé aṣọ wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Mo rí ojú Tíṣà bó ṣe yí padà nígbà yẹn. Mo rí i bí ìmọ́lẹ̀ ṣe wọ inú rẹ̀. Ó rọra gbé ṣọ́ọ̀kì sápò.

“Àna mi,” ó ní, “nígbà tí ẹ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọ̀nà mélòó ni ẹ rí lára ọparun yẹn?”

“Ọ̀kan. Gígùn rẹ̀.”

“Níbi tí ẹ wà yẹn ńkọ́?”

Ọkùnrin náà wo èèrà. Ó wo gígùn ọparun láti ògiri dé ògiri, ó fi ìka rìn yí ara rẹ̀ ká, ìka náà lọ sẹ́yìn, ó tún padà síbi tó ti gbéra. 

“Méjì,” ó ní.

Ìgbà náà ni Àkànó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ̀rọ̀ tó yé mi, èmi télọ̀ tí kò ka físíìsì rí. Ó ní bí a bá jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn títí ayé, a ó sọ pé oríṣi èèrà méjì ló wà: èyí tó ń rìn lọ, àti èyí tó ń pòórá. A ó fún wọn lórúkọ méjì, a ó kọ òfin méjì fún wọn, ọmọ ilé ìwé á há a sórí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sún mọ́ ọn á rí i pé èèrà kan náà ni, ìrìn kan náà ni, kìkì pé ọ̀nà kékeré kan wà tó yí po, tí ojú wa kò gbà láti ibi tí a wà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rò ó nípa agbára. Èyí tó ń fa máńgòrò wálẹ̀ ń rìn lórí àwọn ọ̀nà gbọọrọ tí a mọ̀. Bí ọ̀nà rúbútú kan bá wà níbi gbogbo, agbára kan náà yóò máa gba ibẹ̀, àwa tí a wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yóò sì pe ìyẹn ní iná mànàmáná. Èyí tó bá yí sí ọ̀tún, a ní irú iná kan ni. Èyí tó bá yí sí òsì, a ní òdìkejì rẹ̀ ni. Kì í ṣe méjì. A jìnnà sí i ni.

Ọ̀gbẹ́ni Fákáyọ̀dé ṣì wà lórí iṣu. 

“Máńgòrò àti iná, méjì nìyẹn,” ó ní. “Méjì ṣẹ́ kù.”

Tíṣà ní òótọ́ ni, pé ti inú átọ̀mù yóò gbà ju ọ̀nà kékeré kan lọ, pé àwọn tó ń ṣírò rẹ̀ ń dárúkọ mẹ́fà, wọ́n ń dárúkọ méje, gbogbo rẹ̀ lọ́pọ̀ mọ́ra, òun kò sì ní ọparun tó lè fi ìyẹn hàn. Ó tún ní kò tíì sí ẹni tó rí ẹyọ kan nínú wọn. Mo fẹ́ fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo rò pé yóò bà á jẹ́ gan-an ló rọ ọkùnrin náà nínú.

“Mi ò sọ pé ó wà o,” ó ní. “Mo rí i pé ó lè wà.” Ó wá nawọ́ sí ọmọ rẹ̀ pé kó wá di òun mú sọ̀kalẹ̀. Abọ́sẹ̀dé ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí iṣu. Inú mi dùn débi pé mo gbá Dọ̀tun létí.

Ogun kò tíì parí, nítorí ọ̀tá ṣì wà lórí ọparun. Oyèlàmí Àkànó gbé àkísà, ó rì í sínú kẹrosíìnì, ó gun kéréètì padà, baba ìyàwó fúnra rẹ̀ di kéréètì mú fún un, ó sì we àkísà náà mọ́ ọparun yíká, láti iwájú dé ẹ̀yìn, láti ẹ̀yìn dé iwájú, ó ta á ní kókó. Àwọn ọmọ ogun pupa dé bẹ̀. Wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n fi ìwo kan ara wọn, wọ́n sì yíjú padà sí ihò ògiri wọn pẹ̀lú ìtìjú, gbogbo wọn pátá. Ariwo tí mo pa lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ ní ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ran.

Lọ́jọ́ kejì, a gbé ẹrù dé Ìrẹ̀é. Alága ìjókòó ilé ìyàwó gba iṣu, ó gba ataare, ó gba orógbó, ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, a ń rẹ́rìn-ín. Ó wá kan oyin. Obìnrin náà tú ìdérí kẹ́ẹ̀gì, ó sì fa ọwọ́ sẹ́yìn. Èèrà kan wà ní ọrùn kẹ́ẹ̀gì náà, níta, lẹ́bàá ẹnu rẹ̀. Kí Tíṣà tó ta àkísà ní kókó ni èyí ti kọjá. Gbogbo gbọ̀ngàn rí i. Mo wo Tíṣà, òógùn ti bò ó. Mo wo Abọ́sẹ̀dé, ó ti fi ìbòjú di ẹnu.

Ọ̀gbẹ́ni Fákáyọ̀dé gbé ọwọ́ sókè kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga. Èèrà náà rìn yí ọrùn kẹ́ẹ̀gì lọ, ó lọ sẹ́yìn, a kò rí i mọ́. Ọkùnrin náà kò mira. Ilé ọkọ ń dúró, ilé ìyàwó ń dúró, àwọn agbọ́únjẹ dúró pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, títí èèrà náà fi yọ lápá kejì.

“Ó ti dé,” ó ní. Ó fi ìka ta á nù jẹ́jẹ́, ó ki ìka kejì bọ oyin, ó sì fi sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu.

Nítorí náà, èmi Lájídé télọ̀, aládùúgbò akọni, kéde fún Ìgbàjọ àti Ìrẹ̀é, fún Ìresì àti àkùkọ tó sá lọ síbẹ̀, fún gbogbo ẹni tó ní ojú àti gbogbo ẹni tí máńgòrò ń já lù: agbára méjì ti di ọ̀kan nínú yàrá ìkẹ́rù Oyèlàmí Àkànó, láàárín iṣu àti kéréètì mọ́ọ̀tì, méjì yòókù kí wọ́n máa múra. Ọparun náà wà níbẹ̀ títí di òní, Ìyá Dọ̀tun ti fi kọ́ àlùbọ́sà. Ẹni tó bá fẹ́ wá wò ó, kó wá lọ́sàn-án, kó kí wa dáadáa, kó sì má dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.